Mi Ò Fọ Ẹnu Ẹ̀rọ Lọ́jọ́ Jímọ̀ Yẹn

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka tèmi dé òpin kí ẹ tó bú mi. Mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi. Èébú ọ̀hún tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọge, mo sì ti ní ọmọ-ọmọ báyìí.

Mo ti fẹ́ gbé e wọ sàréè. Ohun tó jẹ́ kí n yí ọkàn padà ni pé àwọn àlejò méjì ń bọ̀ wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á sì bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ìdáhùn mi ló máa sọ bóyá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa wọ ilé ọkọ tàbí kò ní wọ̀ ọ́.

Mi ò ní dárúkọ abúlé wa. Ó wà lágbègbè Akínyẹlé, ẹ jẹ́ ká fi mọ síbẹ̀. Gbogbo orúkọ tí ẹ máa rí níbí, mo ti yí wọn padà.

Ọmọ ẹlẹ́rọ ni mí. Bàbá bàbá mi ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ tó ń lọ èlùbọ́ wọ agbègbè wa. Kó tó gbé e dé, odó ni àwọn obìnrin fi ń gún iṣu gbígbẹ. Wọ́n á gún un títí apá á fi ro wọ́n, wọ́n á wá jọ̀ ọ́. Ìyá bàbá mi sọ fún wa pé lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ dé, ńṣe ni àwọn obìnrin ń jó tẹ̀lé ọkọ̀ tó gbé e wá. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pe ilé wa ní Ilé Ẹlẹ́rọ. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, láfún máa ń bo èmi àti ẹ̀gbọ́n mi láti irun dé ìpéǹpéjú, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa nílé kéwú a sì máa pè wá ní egúngún aláfún. Ó máa ń dùn wá nígbà náà. Orúkọ tó tọ́ sí mi báyìí burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá bàbá mi fi òfin kan lélẹ̀. Ó ní ohun tí ènìyàn kò lè jẹ, kò gbọdọ̀ gba ẹnu ẹ̀rọ wa kọjá. Láràárọ̀, kí a tó gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ ẹnu ẹ̀rọ. Kì í ṣe omi la fi ń fọ̀ ọ́ o. Èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, èyí tí òfin yọ sílẹ̀, la máa ń dà sí i, ẹ̀rọ á lọ̀ ọ́, á gbá gbogbo ìyókù àná jáde, a ó sì da ìyẹ̀fun rẹ̀ nù sẹ́yìn ilé. Bí ohun àjèjì bá ṣèèṣì wọlé lọ́sàn-án, a ní láti tún un fọ̀.

Nítorí òfin yìí ni àwọn ènìyàn ṣe ń gba iwájú ẹ̀rọ ẹlòmíràn kọjá wá sọ́dọ̀ wa. Bàbá mi jogún ẹ̀rọ, ó sì jogún òfin. Tó bá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé, tí ẹ̀rọ ń dún, ó máa ń sọ ohun tí a ń lọ̀ láìwò ó. Á ní, "Àgbàdo nìyẹn." Á ní, "Ẹ̀gẹ́ nìyẹn, kò sì tíì gbẹ tó, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀." Èèpo náà ní ohùn tirẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ. Ó máa ń ha gàràgàrà, kò jọ ohun mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí, torí ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Mùsílíù, ń wa ọkọ̀ tó ń kó iṣu. Ó fẹ́ Rẹ̀mí. Ọmọ ìjọ aládùúrà ni Rẹ̀mí kó tó wọ ilé wa, ìgbà tó fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa kírun. Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tó mọ ẹ̀kọ́, kò pe ẹnikẹ́ni tó bá nílé lórúkọ. Ó sọ mí ní Awẹ́lẹ́wà. Èmi tí mo rí bí àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n so lẹ́nu. Tó bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rín in, ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn. Kò sí ẹni tó pè mí ní arẹwà rí kó tó dé.

Ìyá wa ti kú nígbà náà, nítorí náà Rẹ̀mí ló ń se oúnjẹ Bàbá. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀. Kò pẹ́ tó dé tí Bàbá ti ń ní kó wá dúró ti ẹ̀rọ. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́, wọ́n ní ó ní sùúrù. Èmi tí wọ́n bí sí ìdí ẹ̀rọ, wọ́n ní mo máa ń kánjú. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

Mo sì máa ń kánjú lóòótọ́.

Ní àkókò yẹn, ọkùnrin kan ń wá mi. Òun ni ọkọ mi títí di òní, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n pè é ní Bàbá Kábírù. Àgbẹ̀ ni. Òkété ń jẹ iṣu rẹ̀ nínú ebè, ó dẹ pàkúté títí, kò mú. Ó wá ra oògùn kan, ó pò ó mọ́ àgbàdo gbígbẹ. Ó fẹ́ kí n bá òun lọ̀ ọ́ kúnná, kí òun lè fi epo pupa pò ó, kí òun wá fi sẹ́nu ihò àwọn òkété.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló gbé e wá, nígbà tí Bàbá wà ní mọ́ṣáláṣí. Ó mọ òfin ilé wa. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo ní rárá. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni, pé ṣebí mo lè fọ ẹnu ẹ̀rọ lẹ́yìn náà, ta ló máa mọ̀. Ó sì rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń ka èyí, ẹ mọ bí ẹ̀rín ọkùnrin ṣe máa ń rí lójú ọmọge tí wọn kì í wò lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi ìborùn di imú, mo tan ẹ̀rọ, mo lọ̀ ọ́. Ó gbé e, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ.

Mo bu èèpo sínú abọ́ láti fọ ẹnu ẹ̀rọ. Mo ti gbé abọ́ náà sókè. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ikọ́ Bàbá lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ti dé láti ìrun, wọ́n ti ń bọ́ bàtà.

Tí mo bá da èèpo yẹn sí ẹ̀rọ, Bàbá máa gbọ́ ọ. Wọ́n máa bi mí pé kí ni mo lọ̀ tí mo fi ń fọ ẹnu ẹ̀rọ ní ọ̀sán Jímọ̀. Mo gbé abọ́ náà kalẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ṣebí ilẹ̀ máa mọ́, mo máa fọ̀ ọ́ láàárọ̀ bí a ṣe ń ṣe, pé kò sí ẹni tó ń gbé iṣẹ́ wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Bàbá pè mí láti ìta. "Ṣé ẹ̀rọ ṣì gbóná? Bá Rẹ̀mí lọ ìwọ̀nba iṣu tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Ọkà èlùbọ́ tuntun ló ń wù mí jẹ."

Kí n tó rí ohun tí mo máa sọ, Rẹ̀mí ti wọlé. Ó gbé iṣu gbígbẹ díẹ̀ sínú igbá. Kò ju oúnjẹ ẹnì kan lọ.

"Awẹ́lẹ́wà mi, ẹ bá mi tètè lọ̀ ọ́. Ebi ń pa bàbá wa."

Mo dúró. Mo fi igi gbá ẹnu ẹ̀rọ lára kí ìyókù inú rẹ̀ lè bọ́ sílẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé báwo ni ìyókù yẹn ṣe lè pọ̀ tó. Mo ronú àtida èyí tó bá kọ́kọ́ jáde nù, ṣùgbọ́n Rẹ̀mí dúró tì mí, abọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀rọ, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo lọ̀ ọ́. Ó gbé e lọ.

Bàbá jẹ ọkà yẹn pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá. Wọ́n máa ń ṣẹ́ díẹ̀ kù sínú àwo fún Rẹ̀mí, àṣà wọn ni láti ìgbà tó ti dé. Lọ́jọ́ yẹn, Rẹ̀mí yí ojú kúrò. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, òun ò lè jẹ ẹ́. Ó da ìyókù náà nù. Àwọn obìnrin tó ń pa ẹ̀gùsí níta rí i, wọ́n sì gbọ́ ohun tó sọ.

Kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́, èébì ti gbé Bàbá. Itọ́ ń ru lẹ́nu wọn. A gbé wọn sọ́kọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kan nígboro. Wọn ò padà wálé láàyè. Dókítà tó tọ́jú wọn ní májèlé ni wọ́n jẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ràn bàbá mi. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí lè má gbà bẹ́ẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú débi pé wọ́n di mí mú. Gbogbo ayé rò pé ẹkún ọmọ ni. Ẹkún ọmọ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n pe ìpàdé ẹbí sí pálọ̀ Bàbá. Baálẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Bàbá obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìsàlẹ̀, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ta ló ro ọkà náà?"

Rẹ̀mí ní òun ni.

"O jẹ níbẹ̀?"

Ó ní òun ò jẹ.

"Ojoojúmọ́ lo máa ń jẹ àjẹkù àbúrò mi. Kí ló dé tí o ò jẹ tọjọ́ yẹn?"

Rẹ̀mí fi ọwọ́ lé ikùn. Ó ní òun lóyún, pé òórùn èlùbọ́ ń kó òun nírìíra. Oyún náà kò tíì hàn, àwọn àgbà sì ti kọ́ wa pé a kì í tètè kéde oyún. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló sọ fún.

Ìyá Ìsàlẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín burúkú ni. "Oyún tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí, òun ló wá dé lónìí tí ọ̀rọ̀ dé."

Baálẹ̀ yíjú sí mi. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Ó ní, "Ìwọ lo lọ iṣu náà. Ṣé ẹnu ẹ̀rọ yín mọ́?"

Gbogbo ojú wà lára mi. Bàbá Kábírù wà lẹ́nu ọ̀nà láàárín àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn, ó ń wo ilẹ̀. Mo ní, "Mo fọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí a ṣe máa ń ṣe."

Òótọ́ ni. Mo fọ̀ ọ́ láàárọ̀. Ẹ ò rí i pé èèyàn lè fi òótọ́ pa èèyàn.

Wọ́n ní kí a lọ iṣu mìíràn lójú gbogbo wọn. A lọ̀ ọ́, wọ́n rò ó, gbogbo ẹbí jẹ ẹ́. Kò sí ẹni tí inú run. Wọn ò mọ̀ pé mo ti ń fọ ẹnu ẹ̀rọ yẹn lójoojúmọ́ láti ìgbà tí Bàbá ti kú, pé mo ti da èèpo sí i títí èèpo fi tán nílé wa. Ẹ̀rọ mọ́. Ó wá ku ọwọ́ ẹni tó ro ọkà.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má pe ọlọ́pàá. Ohun kan ṣoṣo tó lè ṣe fún un nìyẹn. Wọ́n ní kí Rẹ̀mí kó ẹrù rẹ̀. Àwọn obìnrin ilé jáde síta, wọ́n ń bú u, wọ́n ń bú ìjọ tí wọ́n ti bí i. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ, mi ò lè ya ẹnu mi. Nígbà tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó dúró díẹ̀. Ó ní, "Awẹ́lẹ́wà, ẹ ṣeun tí ẹ ò bá wọn bú mi."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọmọ obìnrin ló bí. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Àníkẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbà pé ọmọ òun ni, ṣùgbọ́n kò láyà láti mú ìyá rẹ̀ padà wálé. Ó fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ẹ̀rọ bọ́ sí mi lọ́wọ́, èmi ni mo wà nídìí rẹ̀ títí di òní. Mo fẹ́ Bàbá Kábírù. A bímọ. Láti ọjọ́ náà, a ò sọ ọ̀rọ̀ yẹn láàárín ara wa rí, títí di oṣù yìí. Ohun kan ló wà ṣá. A kì í jẹ òkété nílé wa. Àwọn ọmọ mi rò pé èèwọ̀ ìdílé bàbá wọn ni, wọ́n sì ti sọ fún àwọn ìyàwó wọn. Ní báyìí, àwọn ọmọ-ọmọ mi kì í jẹ ẹ́. Báyìí ni a ṣe fi ẹ̀ṣẹ̀ dá èèwọ̀ sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ti lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Àníkẹ́ ju gbogbo ọmọ mi lọ lọ́jọ́ orí, ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọkọ. Ọmọ dáadáa ni wọ́n ní ọkùnrin náà, àwọn òbí rẹ̀ ń gbé ní ìhà Alákíà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í kàn fa ọmọbìnrin wọlé láìṣe ìwádìí. Wọ́n gbọ́ fìrìfìrì pé ìyá ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n wá sí abúlé wa, ọkùnrin àgbàlagbà kan àti obìnrin kan. Wọ́n kọ́kọ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti di ẹni tí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní, "Ẹ lọ bi àbúrò mi. Òun ló wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Ohun tó bá sọ, èmi náà fara mọ́ ọn."

Bí wọ́n ṣe dé ilé ẹ̀rọ nìyẹn. Obìnrin náà fi ọwọ́ gbọn láfún kúrò lára bẹ́ǹṣì kó tó jókòó. Ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá wa. A ò wá tọ́ ìjà. Ọmọ náà wù wá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìyá rẹ̀ fún bàbá yín ní májèlé jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ńlé, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní iṣẹ́ kún ọwọ́ mi, mi ò lè sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá àgbà yẹn ní, "Kò burú. Ohun tí ẹ bá sọ fún wa la máa mú lọ sílé." Irọ́ ni mo pa, iṣẹ́ tó wà níwájú mi lọ́jọ́ náà kò tó nǹkan.

Mo sọ ọ́ fún Bàbá Kábírù. Ó ní, "Sọ fún wọn pé obìnrin náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀, kó tán."

Mo ní, "Tí wọ́n bá ní ta wá ni ńkọ́? Tí wọ́n bá ní kí ló dé tí ẹ fi lé e?"

"Sọ pé o ò mọ̀."

"Mo mọ̀."

Ó dìde. Ó ní, "Tí o bá ya ẹnu rẹ báyìí, ta ló máa tún gbé iṣu rẹ̀ wá sídìí ẹ̀rọ yẹn? Kí ni Kábírù máa sọ fún àwọn àna rẹ̀, pé bàbá òun ló ra oògùn, ìyá òun ló lọ̀ ọ́? Ẹni tó kú ti kú. Má tú ilé wa ká."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú u jù. Àgbàlagbà ni òun náà, ẹ̀rù ló ń bà á. Ohun tó sọ kì í sì í ṣe irọ́. Ìdílé tí wọ́n mọ̀ nítorí mímọ́ ẹnu ẹ̀rọ ni tiwa, láti ìgbà bàbá bàbá mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu mi, ó parí.

Mo pinnu láti kọ́kọ́ lọ bá Rẹ̀mí. Mo ní tí mo bá sọ fún un, yóò sọ ohun tí mo máa ṣe. Inú yàrá kan ló ń gbé ní Ọlọ́runṣògo, ó ń ránṣọ níwájú ilé. Ó ti padà sí ìjọ ìyá rẹ̀. Mi ò tí ì fi ẹsẹ̀ kan ilé rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti kúrò lọ́dọ̀ wa.

Bó ṣe rí mi, ó sọ aṣọ tó ń rán sílẹ̀. Orí rẹ̀ ti funfun. Síbẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi, èmi tí mo kéré sí i lọ́jọ́ orí, torí pé ó bá mi nílé ọkọ.

"Awẹ́lẹ́wà mi. Ẹ̀yin lẹ wá wò mí yìí?"

Mo bú sẹ́kún. Òun náà sunkún. Ó rò pé ohun kan náà là ń sunkún sí. Ó ní kí n jókòó, pé mi ò lè wá láti ọ̀nà jíjìn kí n má jẹun. Mo ní kó má ṣe ìyọnu. Ó ní ìyọnu kọ́. Mo ń gbọ́ tó ń ro ọkà lẹ́yìn ilé, mo sì ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu mi. Mo ní tó bá gbé oúnjẹ dé, tó bá jókòó, mo máa sọ ọ́.

Ó gbé e dé. Ọkà dúdú, ó ń yọ èéfín, ọbẹ̀ ilá ló bù sí i. Ó kúnlẹ̀ gbé e síwájú mi, ó sì bu omi ìṣanwọ́ fún mi.

Àwo Bàbá ni mo rí. Mo ṣan ọwọ́. Mo bu òkèlè. Mo gbé e dé ẹnu. Mo gbìyànjú, Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo gbìyànjú, kò lọ. Mo dá òkèlè náà padà sínú àwo. Mo ní inú ń run mí láti àárọ̀.

Rẹ̀mí wo àwo. Ó wo ojú mi.

Ó ní, "Láti ìgbà tí Àníkẹ́ ti gbọ́n ni mo ti ń sọ fún un pé gbogbo Ilé Ẹlẹ́rọ ló gbà gbọ́ pé mo pa bàbá wọn, àfi Awẹ́lẹ́wà nìkan. Mo ní ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ pé mi ò lè ṣe é."

Mo ní, "Ìyàwó wa, kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa." Ó fi àwo bo ọkà náà. "Kò sí wàhálà. Ẹ bá mi kí wọn nílé, Ìyá Kábírù."

Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Mo mọ̀. Mo dìde. Mo gun ọ̀kadà lọ sí ibùdókọ̀, mo ń sunkún lọ, ọlọ́kadà ń bi mí bóyá ènìyàn mi kan ló kú.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò bi yín bóyá kí n sọ ọ́ tàbí kí n dákẹ́. Ọkọ mi ti sọ ti dídákẹ́ fún mi, mo sì ti dákẹ́ débi pé ọmọ tó wà nínú oyún lọ́jọ́ náà ti fẹ́ di ìyàwó ilé. Mo máa sọ fún àwọn àlejò náà lọ́jọ́ Sátidé. Mo máa sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, kó wo ojú mi, kó ṣe ohun tó bá fẹ́ fi mí ṣe. Tí ẹ̀rọ bá dákẹ́, kó dákẹ́. Àwọn ọmọ mi, mo bẹ̀ yín bí èyí bá kàn yín lára, ẹ forí jì mí, ẹ sì máa jẹ òkété tó bá wù yín.

Ti Rẹ̀mí ni mi ò mọ̀. Mo ní láti padà sí Ọlọ́runṣògo kí Sátidé tó pé, torí kò yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu àlejò. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó tún ro ọkà yẹn fún mi. Mo fẹ́ jẹ ẹ́ tán lójú rẹ̀, kó lè rí i pé mi ò bẹ̀rù ọwọ́ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n tí mo bá jẹ ẹ́ kí n tó jẹ́wọ́, mo tún tàn án jẹ nìyẹn. Tí mo bá sì kọ́kọ́ jẹ́wọ́, ṣé ó máa tún bu oúnjẹ fún mi?

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?